Ọmọ Ọlájuwọ́n, Ọmọ Curry

YÉTÚNDÉ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ní Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n níbí ní Houston. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo òbí ń wò, torí pé bàbá rẹ̀ ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí. Ó ju ẹyọ kan, kò wọlé, ni ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá rẹ̀ kì í tàsé irú èyí." Ọmọ náà kò ju ọdún 10 lọ!

KÚNLÉ: Ó mà ṣe o. Ìlú Hakeem Ọlájuwọ́n sì nìyí. Ọmọ Èkó tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù tuntun ọdún 1984, nígbà tí Michael Jordan ṣe ipò kẹta, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NBA, líìgì àjùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, fún wọn ní 1994 àti 1995. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abísọ́lá, bá Yunifásítì Oklahoma dé ìpele ẹgbẹ́ 4 tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì ní 2010, Chicago Sky, ẹgbẹ́ kan nínú WNBA, líìgì àwọn obìnrin, sì mú un lọ́dún náà ní ipò 28. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú bàbá wò ó yóò ní ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ 12 péré ni WNBA ní nígbà náà, àwọn tó sì fẹ́ wọ ibẹ̀ kò lóǹkà.

YÉTÚNDÉ: Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, sà. Stephen Curry, agbábọ́ọ̀lù NBA, ńkọ́? Ọdún 1988 tí wọ́n bí Abísọ́lá ni wọ́n bí òun náà. Dell, bàbá rẹ̀, lo sáà 16 nínú NBA, ó sì ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń jù láti ọ̀nà jíjìn, 1,245 wọlé. Ti ọmọ ti kọjá 4,000.

KÚNLÉ: Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Nígbà tí Stephen wà ní ilé-ìwé girama, láti ìbàdí ni ó ti ń ju bọ́ọ̀lù, nítorí pé ó kéré, apá rẹ̀ kò sì tíì lágbára. Dell mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ga yóò máa gbá a dànù, ó ní kí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ́, kí bọ́ọ̀lù máa ti òkè orí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Odidi ìsinmi ìgbà ooru kan ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọ tó ti ń jù láti ọ̀nà jíjìn kò fi lè jù ú wọlé mọ́ àfi tí ó bá sún mọ́ àwọ̀n. Ó sunkún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ́ni, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń ti ìdí ewìrì kọ́ṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Hakeem tí ó ń da àwọn òmìrán láàmú kò ti inú àjùsáwọ̀n wá. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ní Èkó, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó fọwọ́ kan àjùsáwọ̀n rárá. Báwo ni yóò ṣe kó ìyẹn fún ọmọ tí a tọ́ ní Amẹ́ríkà?

YÉTÚNDÉ: Orúkọ bàbá ńkọ́? Ní October 22, 2024, LeBron James àti Bronny ọmọ rẹ̀ jọ wọ pápá fún Lakers, ẹgbẹ́ Los Angeles, bàbá àti ọmọ àkọ́kọ́ tí yóò jọ gbá NBA. Ipò 55 ni wọ́n ti mú Bronny, ariwo ojúsàájú sì gba ìlú.

KÚNLÉ: Orúkọ kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Virginia Tech tí Dell fúnra rẹ̀ lọ kò fún Stephen ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Davidson, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ni ó gbà á. Ọmọkùnrin Sátidé yẹn, ṣé ó tún jù ú?

YÉTÚNDÉ: Ó ju méjì sí i. Ọ̀kan wọlé. N kò wo ojú ìyá náà.