Ta Ló Ni Ìbéèrè Náà? Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìwádìí Ìdàgbàsókè Alágbèéró ní Yunifásítì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ilé àti ẹ̀rọ, tí wọn kì í sábà pè síbi ìjókòó irú èyí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, kí àwọn tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí fara dà á: akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò jẹ́ kó lọ́wọ́ nínú dídá ìbéèrè sílẹ̀, iṣẹ́ la kàn rán an, a kò tíì sọ ọ́ di olùwádìí.

Láti ọdún 1990 tí àwọn olórí yunifásítì ti pàdé ní Talloires ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìkéde lórí ojúṣe yunifásítì sí àyíká, ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ́n wa mọ́. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ ní ọdún 2015 fún ìdàgbàsókè alágbèéró, ìyẹn ìdàgbàsókè tí kò ba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́, ọ̀pọ̀ wa lẹ àwòrán aláràbarà wọn mọ́ ògiri. Àwòrán náà rẹwà o, ṣùgbọ́n mítà iná tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ta ló ń kà á?

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí mítà yìí díẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka mítà ilé ẹ̀kọ́ kan lálẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, tó tún kà á ní òwúrọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé, tó yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, tó sì fi iye wákàtí tó wà láàárín wọn pín in, yóò mọ iye iná tí ilé náà ń jẹ ní wákàtí kan láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé iye náà ju ohun tó rò lọ, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ni? Ṣé kọ̀ǹpútà tí wọn kò pa ni? Ṣé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò ní yàrá àyẹ̀wò ni? Láti ìgbà náà lọ, òun ló ni ìbéèrè. Ẹ fi èyí wé àṣà tó gbilẹ̀ láàárín wa: olùkọ́ á kọ ìwé ìbéèrè, á kó o lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúkọ olùkọ́ nìkan á sì jáde. (Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí àwọn tí kò rẹ́rìn-ín.)

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé ẹni tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ kò tíì tó ìwádìí í ṣe. Ọdún 1969 ni MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ti dá ètò sílẹ̀ tí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí, nítorí náà àríyànjiyàn yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà á lọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin, ní Amẹ́ríkà bákan náà, wọ́n ṣe ìdíje ọlọ́sẹ̀ méjì ní àwọn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ láti dín ìlò iná àti omi kù. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìlò iná fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń rí òǹkà wọn lójú ẹsẹ̀, ó dín kù ní ìdá 55. Níbi tí wọn kò ti rí i bẹ́ẹ̀, ìdá 31 ni. Gbogbo ayé ló ń tọ́ka sí ti iná yìí, àmọ́ ti omi ló ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí ìdá 3 péré ló fi dín kù. Kí ló fà á? Ẹni tó ń wẹ̀ nínú ilé náà ló sún mọ́ ìdáhùn jù, ọ́fíìsì tèmi jìnnà sí i.

Ibi tí mo dé nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi nàwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa ti wọn oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù ní ilé oúnjẹ, a kọ ìròyìn, a fi ránṣẹ́. Ta ló kà á?" Mo pa ìwé mi dé, nítorí ìbéèrè rẹ̀ lágbára ju ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ.

Mo bi í bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti wọn garawa òfìfo kí wọ́n tó da nǹkan sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ṣùgbọ́n wọ́n da oúnjẹ tí a kò bù fún ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwo. Àtúnṣe àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó pinnu iye tí wọn yóò sè, ti èkejì jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ń bù ú àti bí ó ṣe dùn tó. Ká ní ọ̀gá ilé ìdáná ti wà níjòókòó nígbà tí wọ́n ń gbèrò, òun ni ì bá kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì ti máa retí ìròyìn náà. Bí ètò SEEDS ti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ṣe ń ṣe é nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọgbà ló jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro kan náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ mi: ẹni tí yóò lo ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè náà.

Alága ti ń wo aago, mo máa yára. Akẹ́kọ̀ọ́ á gboyè, á sì lọ, ṣùgbọ́n òǹkà kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, nǹkan bí ìdá 315 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́ ló rí. Ó ti kọjá 420 báyìí, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò dáwọ́ wíwọ̀n dúró. Ilé ìkàwé ló yẹ kó máa gba dátà wa, pẹ̀lú nọ́ńbà mítà, wákàtí àti orúkọ ẹni tó kà á. Ní ti owó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kó tó jẹun kò lè fi òru ka mítà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku ti máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dán ọgbọ́n kan wò, tí iná kò dín kù, tó sì kọ ọ́ bó ṣe rí, kò yẹ kí máàkì rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí tirẹ̀ yọrí. Bí a bá gé máàkì rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọ́gbọ́n, iná á sì máa dín kù lọ́dọọdún nínú ìròyìn, nígbà tí owó iná kò ní yẹ̀ nílẹ̀.