Asẹ́ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Bódìjà ni mo dúró sí yìí, lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́gì. Ẹ wo asẹ́ ọwọ́ wọn: ògì ń sẹ̀ lọ sísàlẹ̀, èèrí ń kù sókè.

Iṣẹ́ asẹ́ ni kíndìnrín méjèèjì náà ń ṣe lára wa. Omi tí wọ́n ń sẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bí 180 lítà. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà ò sì ju bíi 5 lítà lọ, àsẹ́túnsẹ́ ni! Èyí tó ń di ìtọ̀ kéré púpọ̀, ara ló ń gba ìyókù padà.

Bí kíndìnrín bá wá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń bá a sẹ́ ẹ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn níbí. Dókítà ará Netherlands kan, Willem Kolff, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, ní 1943, nígbà tí ilẹ̀ wọn ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ ogun Jámánì. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi láílọ́ọ̀nù, irú èyí tí wọ́n fi ń wé sọ́séèjì, ló wé mọ́ àgbá onígi, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀, ó sì ń yí i nínú omi. Àwọn aláìsàn tó kọ́kọ́ tọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn ló kú. Ọkùnrin náà ò jáwọ́. Ní 1945, ìyá ẹni ọdún 67 kan tó ti dákú lajú padà.

Ẹ rántí ẹja tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. A ó rì í sómi, iyọ̀ á sì máa kúrò lára ẹja bọ́ sínú omi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tín-ín-rín bí irun, omi tí wọ́n pò ń ṣàn lẹ́yìn wọn. Ìdọ̀tí ń yọ́ kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò lè gba ibẹ̀.

Àmọ́ wákàtí mẹ́rin ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: wákàtí 12 nínú 168. Kíndìnrín kì í sinmi. Òun náà ló tún ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀rọ ò mọ iṣẹ́ yẹn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń dí i. Owó ńkọ́? Ó máa ń dùn mí tí ẹni tó yẹ kó lọ lẹ́ẹ̀mẹta bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ẹ̀ẹ̀kan ti dínkù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn kan, UCH sì wà lára wọn. Ẹ lọ béèrè.

Bí ẹ bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ béèrè apá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Wọ́n máa ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ya dáadáa sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n tó ń gbọ̀n rìrì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọn ìfúnpá níbẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fi gbé garawa omi. Láràárọ̀, ẹ máa fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí kò bá gbọ̀n mọ́, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.