Bí A Ṣe Ń Mú Hẹ́dífóònù Tuntun Rọ̀ Kí Ohùn Rẹ̀ Lè Gún Régé

Ẹ káàbọ̀. Hẹ́dífóònù tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí ni Beyerdynamic DT 770 Pro, ẹ̀yà 80 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí ó ṣe ń dènà iná tó), tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Heilbronn ní Jámánì. Àná ni mo yọ ọ́ nínú páálí. Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kì í yé béèrè ni pé ṣé dandan ni kí ènìyàn fi orin sí hẹ́dífóònù tuntun fún wákàtí 100 kí ó tó lè dún dáadáa. Èmi kì í ṣe é. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń rọ̀ lára hẹ́dífóònù tuntun: awọ tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀, tìmùtìmù tó ń bo etí, àti irin tó gba orí kọjá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, awọ tí gbogbo ayé ń pariwo ni àyípadà rẹ̀ kéré jù.

Awọ tí mo ń sọ yìí, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n lẹ kọ́ìlì wáyà mọ́ lẹ́yìn, tí òòfà sì yí kọ́ìlì náà ká. Bí iná orin bá ti ń gba inú kọ́ìlì kọjá, òòfà á máa tì í síwá sẹ́yìn, awọ náà á sì máa ti atẹ́gùn sínú etí wa. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ yípo lè le díẹ̀ nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Àwọn tó mọ onílù á fẹ́ sọ pé bí awọ tuntun lójú ìyáàlù ṣe rí náà nìyẹn, ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ ni ti ìlù, oòrùn àti ọ̀rinrin ló sì ń yí i padà. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń ṣàyẹ̀wò hẹ́dífóònù, Tyll Hertsens, gbé hẹ́dífóònù AKG Q701 tuntun sórí ère orí tí wọ́n fi máíkù sí létí, ó ń wọn ohùn rẹ̀ bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun sún un nípò. Àyípadà tó rí kéré gan-an.

Kí ẹ tó mú ohunkóhun rọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àbùkù. Ẹ fi ohùn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní mono, ìyẹn tí ohùn kan náà ń dún ní etí méjèèjì, sí i, kí ẹ sì fetí sí i bóyá àárín orí gan-an ló wà. Bí ó bá fì sí apá kan, ẹ yí hẹ́dífóònù padà kí apá òsì bọ́ sí etí ọ̀tún. Bí ohùn bá tẹ̀lé hẹ́dífóònù lọ sí òdìkejì, ara hẹ́dífóònù tàbí ihò tí ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ni àìsàn wà. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, etí yín ni ẹ máa lọ ṣàyẹ̀wò. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohùn kan ṣoṣo tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 Hz (ìgbọ̀n ogún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sí i ní ìwọ̀nba. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi ti kòkòrò tó há sínú páálí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ ní sùúrù, pé yóò lọ bó bá pẹ́, ó kàn fẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà kọjá ni.

Ẹ wá mú orin méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dunjú. Tèmi ni ìlù dùndún kan tí mo gbà sílẹ̀ fúnra mi: ìyáàlù ni mo fi ń wo ohùn ìsàlẹ̀, gúdúgúdú ni mo fi ń wo àárín sókè, ṣaworo etí ìyáàlù ni mo sì fi ń wo òkè pátápátá. Ẹ wo ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lálẹ́ àná: “Ṣaworo mú jù, ó ń gún mi létí. Ìyáàlù fúyẹ́.” Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe gbé ohùn sókè tó.

Nísinsìnyí, èmi náà máa ń fi pink noise sí i, ariwo tó dà bí òjò lórí páànù, tí agbára rẹ̀ dọ́gba láti octave dé octave (octave ni àlàfo láti ohùn kan dé èyí tó ga ní ìlọ́po méjì). Mo máa ń gbé e sí ìwọ̀n tí mo lè fi gbọ́ orin fún wákàtí kan láìrẹ̀ mí, mo sì ń gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe sórí mi, fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo gbé ohùn sókè dé góńgó, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá ọ̀tún ti ń hó bíi ìlù tó ya.

Tìmùtìmù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìka mi: mo fi ìka méjì tẹ apá kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni ìyáàlù sanra, mo yọ ìka, ó tún fúyẹ́. Ihò tóóró tó wà lábẹ́ etí, níbi tí tìmùtìmù kò tíì bá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dọ́gba, ni ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà sá lọ. Apá igi awò ojú máa ń fa irú ihò bẹ́ẹ̀, irun dídì náà sì ń fà á. Bí ooru ara bá ti ń bá fóòmù inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, yóò máa tẹ̀ bá ojú wa mu, etí á sì súnmọ́ awọ tó ń dún. Nítorí náà, wíwọ̀ ni oògùn rẹ̀: wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ nu òógùn kúrò kí ẹ tó gbé e kọ́.

Bí ó bá fún yín lórí jù, ẹ to ìwé títí yóò fi fẹ̀ ju orí yín lọ ní díẹ̀, kí ẹ fi hẹ́dífóònù há a mọ́júmọ́, kí ẹ sì tún wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó fi ìwé kan kún un. Irin nìkan ni mo ń ṣe báyìí fún, nítorí onírọ́bà kan ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ẹ má sì jẹ́ kó tú jù, torí ihò tí a ń dí lẹ́ẹ̀kan yóò tún là.

Etí tiwa náà ń yí padà. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ohun tó ń gún wa á di ohun tó mọ́ wa lára, a ó sì rò pé hẹ́dífóònù ló rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé ògbólógbòó hẹ́dífóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, tí mo ń mú ohùn méjèèjì dọ́gba kí n tó fi wọ́n wé ara wọn, nítorí èyí tó bá ga díẹ̀ ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Ẹ má sì torí ìdánwò pa etí: ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 désíbẹ̀lì (désíbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sí orin kan náà, níbi tí ẹ gbé ohùn sí lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ tún kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ kí ẹ tó ṣí ojú ìwé àtijọ́. Ìyáàlù tó sanra sí i kò ní yà mí lẹ́nu, iṣẹ́ tìmùtìmù ni. Bí ṣaworo bá ṣì ń gún yín bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe fi wákàtí kún wákàtí mọ́. Ẹ wọ inú EQ, ohun tí a fi ń dín ohùn ìsàlẹ̀, àárín tàbí òkè kù tàbí tí a fi ń fi kún un, kí ẹ rọra dín ibi tó ń gún yín kù díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é lójú yín yìí.