Don Williams, Bàámi, àti Kásẹ́ẹ̀tì Tí Omi Wọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé mi ní Houston ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi tó há díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. N kò fẹ́ sùn kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ Don Williams ni, olórin kọ́ńtìrì, ìyẹn orin ìgbèríko àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá dàgbà nílé láàárín 1975 sí 1995 á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti jẹ ìrẹsì tán, àwọn bàbá ti bọ́ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó síwájú ilé. Rédíò ń kọ orin òyìnbó kan tó rọra ń lọ, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohùn ọkùnrin náà tutù bí omi inú àmù. Àwọn bàbá tí kò dé Amẹ́ríkà rí, tí wọn kò rí màlúù Texas lójú, ni wọ́n ń bá a gbè é.

Télọ̀ ni Bàámi, ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Máṣíìnì mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, pákó ìgéṣọ kan, àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì dúdú kan lójú fèrèsé. Kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ níbẹ̀, Sunny Adé, Ebenezer Obey, Àyìnlá Ọmọwúrà, ṣùgbọ́n ti Don Williams nìkan ni àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ojúlówó ni, kì í ṣe àdàkọ. Bí rédíò bá jẹ okùn rẹ̀, Bàámi fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìka méjì fà á jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, yóò wá ti bírò bọ ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, yóò máa yí i títí okùn yóò fi wọlé tán. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, tí wọ́n tẹ àkọlé àwọn orin sí. Lẹ́yìn àkọlé kọ̀ọ̀kan, orúkọ èèyàn wà nínú àkámọ́ pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Mo ti ń kàwé nígbà náà, mo lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo bi Bàámi pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Ó ní, "Àwọn ló kọ orin náà." Mo ní ṣé kì í ṣe Don Williams ló kọ ọ́ ni? Ó ní, "Òun náà ló kọ ọ́." Mo tún bi í pé ta ló wá kọ ọ́ gan-an nínú wọn. Bàámi ò tilẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì. Ó ní, "Àwọn méjèèjì ló kọ ọ́. Lọ bá mi ra òwú wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dàrú mọ́ mi lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ṣáà rí èdè wa: ẹni tó ń fi ẹnu kọ, kọ ni, ẹni tó ń fi bírò kọ, kọ náà ni. Ìgbà tí mo dé ibí, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọkùnrin yìí fúnra mi, ni mo tó mọ̀ pé inú ìdáhùn Bàámi ni gbogbo ìtàn náà wà.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1939 ni wọ́n bí Don Williams ní Floydada, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá Texas, ní ilẹ̀ olówùú. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá. Portland ló ti dàgbà, kì í ṣe ti Oregon o, Portland ti Texas tiwa níbí, tó kọjú sí Corpus Christi, tó jẹ́ omi ló là wọ́n láàárín. Ó ṣe sójà díẹ̀, ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ tí ọkùnrin tó ti níyàwó ń ṣe kí ilé má bàa tú. Ní 1964, òun àti ẹni méjì mìíràn dá ẹgbẹ́ Pozo-Seco Singers sílẹ̀. Lẹ́nu àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ni orúkọ yẹn ti wá: kànga tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gbé orin jáde, àwọn èèyàn gbọ́ wọn, àmọ́ kí 1971 tó dé, wọ́n ti tú ká. Ó padà sí Texas, ó ń bá bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣòwò àga àti tábìlì.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa dé ojú fèrèsé wa ní Òkè-Àdó, àga ló ń tà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Èmi tí mo tún ìwé nọ́ọ̀sì mi kà níbí lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlógójì, tí àwọn ọmọ kéékèèké jókòó yí mi ká nínú kíláàsì, mo mọ bí irú àsìkò yẹn ṣe ń rí lára.

Ó wá lọ Nashville, ìlú àwọn olórin kọ́ńtìrì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ di olórin tí ojú mọ̀. Iṣẹ́ orin kíkọ sílẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ Jack Clement, ọ̀gá ilé iṣẹ́ orin kan níbẹ̀, kí ó máa kọ ọ́ fún àwọn mìíràn láti gbé jáde. Orin tó bá kọ, á fi ohùn ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀ kí àwọn olórin lè gbọ́ bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ máa gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ Clement, JMI, ló gbé àwọn orin rẹ̀ àkọ́kọ́ síta ní 1972. Nígbà tó fi di 1974, ó ti dé ipò kìíní lórí àtẹ orin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni ó sì dé ibẹ̀ kí ó tó ṣíwọ́. Ní 1978, ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ́ńtìrì, CMA, fi í ṣe akọrin ọkùnrin tó tayọ jù lọ́dún náà. Gentle Giant ni wọ́n ń pè é, òmìrán oníwà pẹ̀lẹ́, torí ó ga, ó síngbọnlẹ̀, kì í sì í pariwo. Yóò dé fìlà rẹ̀ tó ti gbó, yóò jókòó sórí àga gíga kan lórí ìtàgé, yóò gbé gìtá lé ẹsẹ̀, ó di pẹ̀sẹ̀.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nìyí. Ọkùnrin yìí mọ orin kọ. Òun àti Wayland Holyfield ló jọ kọ "Till the Rivers All Run Dry", tó dé ipò kìíní ní 1976. Òun nìkan ló kọ "Love Me Over Again". Eric Clapton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà lára orin rẹ̀ kọ. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn èyí tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn jù. "You're My Best Friend" ti 1975, tí wọ́n ń lò níbi ìgbéyàwó títí dòní, Holyfield ló kọ ọ́. "Amanda", Bob McDill ni, ọmọ ìhà Beaumont tí kò jìnnà sí Houston níbí. "I Believe in You" ti 1980, Roger Cook àti Sam Hogin ni. Ẹni tí wọ́n tìtorí bírò rẹ̀ gbà síṣẹ́ gbé bírò náà sílẹ̀, ó ń gbé orin ẹlòmíràn sókè nígbà tó bá rí i pé tiwọn dùn ju tirẹ̀ lọ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò títí. N kò rò pé agbára ṣíṣe irú ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó lẹ́bùn.

Ẹ gbọ́ ti Danny Flowers. Onígìtá ni nínú àwọn tó ń tẹ̀lé Don Williams, elégbè, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tulsa, nínú òtútù tí yìnyín bo gbogbo títì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó ó kọ orin kan. "Tulsa Time" ni. Don Williams gbọ́ ọ, ó fẹ́ ẹ, ó sì gbé e jáde ní 1978. Ó dé ipò kìíní. Clapton náà gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún yẹn kan náà. Elégbè ló dárin, ọ̀gá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tí mo ka ìtàn yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, torí mo ti rí i ṣẹlẹ̀ rí. Bàámi ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ Ìṣẹ́yìn, Bùrọ̀dá tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya nǹkan sára bébà tí sìmẹ́ńtì ti tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ya iṣẹ́ ọrùn agbádá kan tí ẹnikẹ́ni ò rí irú ẹ̀ rí. Bàámi wò ó títí. Ó ká tirẹ̀ kúrò lórí pákó, ó ní ti ọmọ yìí ni àwọn máa lò fún aṣọ olóyè kan tó ń bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó wọ agbádá náà, tó ń yí kiri níwájú dígí, ó ní, "Télọ̀, ọwọ́ rẹ ò ní kán o!" Bàámi nawọ́ sí kọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ náà ti ń lọ aṣọ. Ó ní, "Ọmọ yẹn ló yà á. Èmi kàn rán an ni." Mo rí ojú Bùrọ̀dá náà lọ́jọ́ yẹn. Áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

N kò ní pẹ́ lórí ìyókù. Don Williams dé Áfíríkà, ó kọrin ní Harare ní Zimbabwe ní 1997, wọ́n sì ya fídíò rẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn èèyàn dúdú tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹsẹ orin láìwo ìwé, ẹ máa rò pé Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni. Ó kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì ní 2006, wọ́n gbé e wọ ilé òkìkí orin kọ́ńtìrì ní 2010, ó tún padà sórí ìtàgé lọ́dún yẹn, ó sì wá fi í sílẹ̀ pátápátá ní 2016. Ìyàwó kan náà, Joy, tó fẹ́ ní 1960, ló bá a dé òpin.

Oṣù Kẹjọ 2017, ìjì Harvey wọ Texas ní ìhà Rockport, tí kò jìnnà sí Portland tó ti dàgbà. Lẹ́yìn náà ló wá da omi lé wa lórí ní Houston. Omi dé orúnkún mi nínú pálọ̀. Bàámi ti kú ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú, kásẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Ẹtì, èmi àti ọkọ mi wà nídìí ògiri tó ti mumi, a ń fi òòlù já a, ìbòmú wà nímú wa, ìgbà náà ni àbúrò mi tẹ̀ mí láago láti Ìbàdàn. Ó ní, "Sìstá, Don Williams ti kú o." Ọmọ ọdún 78 ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Ọkọ mi rò pé òkú ilé wa ni.

Okùn kásẹ́ẹ̀tì náà ò ṣeé gbọ́ mọ́, ẹrẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni mo gbìyànjú láti gbà là. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì kíṣínì, mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ láti òkèèrè títí ó fi gbẹ, mo wá rọra ń ṣí i níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Àti kékeré ni mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Ó wà níwájú mi báyìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Omi ti pa púpọ̀ nínú àkọlé rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ìtẹ̀wé, bírò búlúù ni, ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi rúlà gé aṣọ ló fà wọ́n, wọ́n gún régé. Kò fa ọ̀kan sábẹ́ àkọlé orin kankan. Abẹ́ àwọn orúkọ inú àkámọ́ ló fà wọ́n sí.