Ẹ Yé Fi Abẹ́rẹ́ Dẹ́rù Ba Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí: "Tí o ò bá jẹun, màá ní kí nọ́ọ̀sì gún ẹ lábẹ́rẹ́"? Mo rí i pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò ní bá yín rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo wá bá jà lónìí. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìtọ́jú, ẹ ti sọ ọ́ di pàṣán. Bí ọmọ bá wá rí aṣọ funfun, tó figbe ta, ẹ ó ní ojo ni. Kì í ṣe ojo. Ohun tí ẹ sọ fún un nílé ló gbà gbọ́.

Irọ́ náà tún wà ńbẹ̀: "Kò ní dùn ẹ́ rárá." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, irọ́ ti abẹ́rẹ́ kì í tó ìṣẹ́jú kan tí ọwọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ òótọ́ níwọ̀nba: "Ó máa ta ẹ́ díẹ̀, kò ní pẹ́, màá gbé ẹ mọ́ra." Ẹ má sì máa kí ọmọ ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ ò tíì kàn án. Ojú yín ló ń wò láti mọ̀ bóyá ewu wà.

Àwọn kan á ní, "Àwa náà sunkún nígbà tiwa, kò pa wá." Kò pa yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àgbàlagbà tó ń sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí àìsàn fi wọ̀ wọ́n lára. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, ẹyọ kan ṣoṣo, láti dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìbẹ̀rù tí ẹ gbìn sí ọmọ yín nínú mú un pàdánù ìyẹn?

Fún ọmọ ọwọ́ tó ń gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ọmú ìyá ni àkọ́kọ́. Ẹ fún un kí wọ́n tó gún un, kó sì máa mu ún lọ bí wọ́n ti ń gún un. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ má tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí ó bá máa gba àjẹsára rota, èyí tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n kọ́kọ́ kán ìyẹn sí i lẹ́nu, torí ó dùn. Kí abẹ́rẹ́ tó máa ń ta jù sì gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣì ń fa síríńjì sẹ́yìn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2015 pé kò pọn dandan fún àjẹsára. Ìrora lásán lẹ fi ń kún ìrora. Ẹ jáwọ́.

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá kan fi dìde lẹ́yìn: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ tèmi ní fòníkúfọ̀ladìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Ọmọ ọdún 7 ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un, ó mọ̀ pé ó ń dùn. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ìbéèrè yìí ló gba àkókò tó kù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa, ọ̀rọ̀ nìkan kò tó fún ọmọ yín. Àwa òṣìṣẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ wa ṣe. Kó mu omi dáadáa kó tó wá, bí dókítà ò bá ní kó má mu nǹkan, kí iṣan lè yọ. Kó jókòó lórí ẹsẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yan apá tí wọ́n máa gún, kó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìpara kan wà tí wọ́n ń fi pa ojú ibi tí wọ́n máa gún kí ó má bàa mọ ìrora, EMLA lorúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ó tó wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá gún un lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí iṣan, ẹ ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Tí ẹ bá délé, ẹ rán an létí ohun tó ṣe dáadáa, torí ohun tó bá rántí ló máa gbé lọ síbi abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń dákú, ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbà á. Mi ò ráyè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá náà tún béèrè: "Tí wọ́n bá ní kí n jáde síta ńkọ́?"

Ẹ má jáde. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ọ̀gá nọ́ọ̀sì.