Kí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí tó ṣí padà lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé

Bí wọ́n bá ti ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn bíi kòrónà, ara àwọn oníbàárà náà á ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sáré gbé sánítáísà síta o. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Omi tó dúró lójú kan nínú páìpù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léwu. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Legionella máa ń gbilẹ̀ nínú omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 20 sí 45 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Èèyàn sábà máa ń fà á símú ni, nígbà tí omi bá ń ta fínfín jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tàbí ṣáwà, òtútù àyà tó le ló sì ń fà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ já ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa tú yàà. Ẹ wo èyí: omi ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, kò ta sí ara basíà, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń wọlé, títí dé ẹ̀rọ tó jìnnà jù. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn títí yóò fi tutù dáadáa, tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn mọ́. Ní ti omi gbígbóná, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí táńkì rẹ̀ gbóná dé 60 dígírì, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ pa ìdérí ilé ìyàgbẹ́ dé kí ẹ tó fọmi ṣàn án.

Iṣẹ́ ẹ̀yin onílé ọtí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó wọ yàrá tí ẹ ń kó àgbá bíà sí, ẹ rántí sílíńdà gáàsì tó ń ti bíà jáde. Gáàsì náà, CO2 (kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì, irú èyí tí àwa náà ń mí jáde), wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ti ń jò láti ọjọ́ yìí, ìsàlẹ̀ ilé ló máa kóra jọ sí, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Ẹ ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ má dá nìkan wọ ibẹ̀. Bí èémí yín bá ń yára tàbí orí ń fọ́ yín, ẹ jáde kíá.

Bíà tó wà nínú ọ̀pá tó ń gbé e jáde láti inú àgbá láti ìgbà yẹn ti kan, ẹ dà á nù. Ẹ fi omi ṣan ọ̀pá, kí ẹ fa kẹ́míkà ìfọ̀pá wọ inú rẹ̀ bí ara ike rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ sì fi omi ṣàn án kúrò pátápátá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lè bó ọ̀nà ọ̀fun oníbàárà.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù tó kàn ń yí afẹ́fẹ́ inú ilé po kò mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ẹ ṣí fèrèsé tó kọjú síra. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 tí àwọn èèyàn ń mí jáde sínú ilé, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ 800 ppm (ìyẹn 800 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́). Bó bá ti kọjá 1500, ilé ti há. Ẹ yí ohùn orin sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó ń pariwo ń tú itọ́ àti èémí jáde ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ.

Iye èèyàn ńkọ́? Bí gbogbo ilẹ̀ ilé bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 60, tí pẹpẹ ọjà gba 20, ó ku 40. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 4: èèyàn 10, tòṣìṣẹ́ toníbàárà.

Ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ tábìlì, torí ìdọ̀tí máa ń sọ bílíìṣì di aláìlágbára. Bí bílíìṣì bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ẹ fi mìlílítà 20 sínú omi 980. Kí ojú tábìlì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ pò ó, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì láé: gáàsì olóró ló máa jáde.

Òṣìṣẹ́ tí ibà tàbí ikọ́ bá mú, ẹ ní kó dúró sílé, kí ẹ sì sanwó ọjọ́ náà fún un. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní rówó gbà yóò gbé ikọ́ náà wá síbi iṣẹ́.