Ta Ló Lè Ní Ìbọn Arọ̀jò-Ọta ní Amẹ́ríkà?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin kan tó yí ọ̀rọ̀ ìbọn arọ̀jò-ọta padà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin òǹwòran wa, òfin náà kò gba èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn aráàlú lọ́nà tó bófin mu. Ohun tó sọ ni pé láti ọjọ́ náà lọ, aráàlú kò gbọdọ̀ ní èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Nígbà tí iye èyí tó wà nínú ìwé ìjọba kò sì lè pọ̀ sí i mọ́, owó ọ̀kan ṣoṣo lè ju 20,000 dọ́là lọ lónìí.

Ọdún 1934 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń ṣòwò ọtí tí òfin kà léèwọ̀ ti fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ para wọn fún ọdún púpọ̀. Ní Chicago, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1929, ọkùnrin méje ni wọ́n tò síwájú ògiri tí wọ́n sì yìnbọn pa. Òfin 1934 bu 200 dọ́là owó orí lé ẹni tó bá fẹ́ rà á, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìbọn náà fúnra rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, wọn kò sì tíì fi kún un títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ti wà ṣáájú 1986 gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, kí ó tẹ̀ka, kí ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n sì wádìí bóyá ó ti dáràn rí. Kò gbọdọ̀ gbé ìbọn náà lọ sílé kí ìwé àṣẹ tó dé. Ní ìpínlẹ̀ bíi New York, asán ni gbogbo èyí, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà kò gba aráàlú láyè rárá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi jùlọ nìyí, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́mọ lọ́hùn-ún. Lójú òfin, ìbọn arọ̀jò-ọta ni èyíkéyìí tó bá ń yọ ju ọta kan lọ nígbà tí a bá fa ìfà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; irin kékeré tí wọ́n ṣe láti sọ ìbọn mìíràn di bẹ́ẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta ni òfin ka òun náà sí. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní «switch» kéré bí owó ẹyọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ 3D ṣe é nínú yàrá. Ọmọ tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ì báà má tilẹ̀ ní ìbọn kankan, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ èyí títí ọlọ́pàá fi dé.

Ìtumọ̀ yìí náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dì mú ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Lẹ́yìn ìpànìyàn Las Vegas ti ọdún 2017, àjọ ATF ka bump stock, ohun èlò kan tí wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn tí ń mú kí ó máa yìn kíákíá, mọ́ ìbọn arọ̀jò-ọta. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìfà ìbọn ṣì ń sún lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló kù sí, kí wọ́n kọ òfin tó dárúkọ rẹ̀ ní pàtó.

Ní ti àwọn ènìyàn wa tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò wọ Amẹ́ríkà, òfin kò gbà wọ́n láyè láti ní ìbọn kankan, yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda díẹ̀ bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè kọ̀wé béèrè bí ọmọ ìlú.